Ta ló ni kóòdù tí gbogbo wa jọ kọ? Ẹ sọ ìrírí yín

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣíde.

Mo ní sọ́fítíwíà kan tó ń ka déètì nínú fáìlì, GPL sì ni láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìyẹn ìwé àṣẹ tó sọ bí èèyàn ṣe lè lò ó. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lé e lórí, tó sì pín in fáwọn ẹlòmíì, gbọ́dọ̀ fún wọn ní kóòdù (ìlànà tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) gbogbo rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan kọ̀wé pé àwọn fẹ́ lò ó, ṣùgbọ́n àwọn ò ní tú kóòdù àwọn síta; àwọn á kúkú ra àṣẹ mìíràn lọ́wọ́ mi. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ lè fi ọwọ́ kan fún aráyé ní GPL, kó fi ọwọ́ kejì ta àṣẹ ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ni MySQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátà, ń ṣe.

Àmọ́ èmi nìkan kọ́ ni mo kọ ọ́. Gbogbo ẹni tó fi kóòdù ránṣẹ́ ló ṣì ni ohun tó kọ, torí kò sí àdéhùn tó gbé e fún mi. Mo bá tú ìtàn inú git, irinṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹni tó kọ apá kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ gbà. Ẹnì kan kọ̀ jálẹ̀: ó ní tìtorí GPL lòun ṣe dá sí iṣẹ́ náà. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, n ò sì bá a jà. A yọ apá tirẹ̀, ẹni tí kò tíì fojú kàn án rí wá kọ òmíràn dípò rẹ̀. Irú ìrìn yìí náà làwọn tó ń ṣe VLC, sọ́fítíwíà tá a fi ń wo fídíò, rìn ní 2011 àti 2012, nígbà tí wọ́n ń gbé libVLC, ọkàn sọ́fítíwíà náà, kúrò lórí GPL bọ́ sórí LGPL, láísẹ́ǹsì tí kò le tó GPL.

*Ìdáhùn:*

Ẹ kú làálàá, ọ̀gá. MIT ni tèmi, láísẹ́ǹsì tí kò fi dandan lé e pé kéèyàn tú kóòdù síta, torí kò dùn mí bí ẹnikẹ́ni bá ti kóòdù mi mọ́lé. Ohun tí mo béèrè kò ju pé kí wọ́n fi orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ láísẹ́ǹsì náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan gbé kóòdù náà, wọ́n pa ìlà orúkọ mi rẹ́, wọ́n wá fi tiwọn sí i. Ó dùn mí gan-an! Mo fi ẹ̀dà méjèèjì ránṣẹ́ sí wọn, mo sì tọ́ka sí ẹjọ́ Jacobsen àti Katzer ní Amẹ́ríkà ní 2008: ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá tàpá sí ohun tí láísẹ́ǹsì là sílẹ̀ lè jẹ̀bi lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ, bí sọ́fítíwíà náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n dá orúkọ mi padà nínú ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó kọ̀ fún yín yẹn, ṣé ó ṣì ń fi kóòdù ránṣẹ́?