Màmá mi ń gba ìtànṣán: ṣé ọmọ lè máa sùn tì wọ́n?

Abẹ̀ní: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n ń bá màmá mi tọ́jú n'Íbàdàn. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ku ìtànṣán tí wọ́n ń lọ gbà lábẹ́ ẹ̀rọ. Mo wá kà á pé bí ìtànṣán bá kan sẹ́ẹ̀lì kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ìtànṣán ò kàn rárá, náà máa ń fara gbá. Àyà mi já. Ẹ̀gbẹ́ màmá lọmọ mi ọlọ́dún 3 ń sùn. Ṣé kí n yà wọ́n?

Ìyá Ìbejì: Yà wọ́n kíá! Nígbà tí àbúrò mi gba tirẹ̀, wọ́n ní kó má gbé ọmọ fún ọjọ́ díẹ̀.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ: Ìyá Ìbejì, ṣé kì í ṣe iodine tó ní ìtànṣán nínú ni wọ́n fún àbúrò yín mu nítorí tàíróọ̀dù, ẹṣẹ́ inú ọrùn? Ìyẹn ń gbé inú ara, ó sì ń bá ìtọ̀ jáde. Ti màmá yìí yàtọ̀. Ìdí ẹ̀rọ yẹn ni mo ti ń jẹun: bí a bá ti pa á, ìtànṣán tán nìyẹn. Kò sí èyí tí wọ́n ń gbé wálé.

Ìyá Ìbejì: Haa, iodine ni o! Ọrùn ló ń yọ ọ́ lẹ́nu lóòótọ́.

Tísà Bàọ́lọ́jì: Ohun tí Abẹ̀ní kà kì í ṣe àhesọ ṣá. Ní 1992, àwọn onímọ̀ méjì, Nagasawa àti Little, ní Yunifásítì Harvard l'Amẹ́ríkà tan irú ìtànṣán kan tí wọ́n ń pè ní alpha díẹ̀ sí sẹ́ẹ̀lì hamster, ẹranko kékeré kan bí eku, nínú abọ́. Kò tó 1 nínú 100 tí ìtànṣán gba àárín rẹ̀ kọjá, síbẹ̀ nǹkan bí 30 nínú 100 ni àyípadà hàn nínú kírómósómù wọn, ìyẹn àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá. Ní 1997, onímọ̀ méjì mìíràn, Mothersill àti Seymour, bu omi tí sẹ́ẹ̀lì tó gba ìtànṣán wà nínú rẹ̀, wọ́n dà á sórí àwọn tí kò gbà á; àwọn yẹn náà ń kú ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ń rán síra wọn. Àwọn tó fara kanra ní ihò tóóró láàárín ara wọn. Àwọn mìíràn ń da kẹ́míkà sínú omi tó yí wọn ká. Ara màmá ò ní irú ihò bẹ́ẹ̀ sí ara ọmọ.

Abẹ̀ní: Màmá gan-an wá ńkọ́? Ṣé kò ní ba ibi tó dáa lára wọn jẹ́?

Tísà Bàọ́lọ́jì: Inú abọ́ ni wọ́n ti rí èyí tó pọ̀ jù, bó ṣe tó nínú ara èèyàn, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àmọ́ ìwọ̀n tí dókítà ń lò, lára àwọn aláìsàn gidi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ohunkóhun tí sẹ́ẹ̀lì ń sọ fúnra wọn ti wà nínú ìṣirò yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ.

Bọ̀dá Ẹlẹ́rọ: Kí wọ́n má sì pa ọjọ́ kankan jẹ o. Ẹ kàn gbé ọmọ sí apá kejì, kó má fi ẹsẹ̀ gbá àyà wọn lóru. Awọ ibẹ̀ máa ń ta wọ́n. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi òrí ra ibẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì.