Àkúrẹ́ àbí Ìdànrè: ṣé ìlú ẹsẹ̀ òkè yẹ ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́?

Túndé_Kọ̀ǹpútà: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ ọdún 25 ni mí, mi ò tíì gbéyàwó, orí kọ̀ǹpútà niṣẹ́ mi, àwọn tó ń sanwó fún mi ò sì béèrè ibi tí mò ń gbé. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó ti sú mi. Mo ń ro Àkúrẹ́, àbí kí n kúkú wọ Ìdànrè lọ kí n máa jí sẹ́sẹ̀ òkè. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ mọ̀ fún mi, ẹ má wulẹ̀ pọ́n ìlú kankan.

Ọmọ Olókè: Àbúrò, ìlú méjèèjì ò jọra. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1976, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, ti wà níbẹ̀ láti 1981, ọkọ̀ òfurufú ń gbéra níbẹ̀. Ìdànrè jìnnà sí i tó kìlómítà 24, ìlú àgbẹ̀ kòkó ni. Tó o bá ń gbé Ìdànrè tó o sì ń wá nǹkan wá sí Àkúrẹ́ lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ á jẹ ohun tó o rí he nínú owó ilé. Gbé Àkúrẹ́, kó o máa gun òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé. Àtẹ̀gùn 660 ni. Bẹ̀rẹ̀ láago méje àárọ̀ kí oòrùn tó mú àpáta, gbé omi lítà kan ààbọ̀ dání, bàtà tí abẹ́ rẹ̀ ní eyín ni kó o wọ̀. Tójò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, má gùn ún, àpáta yẹn máa ń yọ̀ bí ilá.

Adé Òkè-Orósùn: 660 kọ́. 682 ni.

Ìyá Alápáta: Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ilé ná, torí ibẹ̀ lọmọ máa sùn. Láti àárọ̀ ni àpáta ti ń gba oòrùn sára, alẹ́ ló tó máa ń tú ooru ẹ̀ sílẹ̀. Ilé tó bá fẹ̀yìn ti àpáta, ní oṣù kejì sí ìkẹta, ògiri yàrá ẹ̀yìn á ṣì máa gbóná láago mẹ́wàá alẹ́. Ìgbà òjò ní tiẹ̀, àpáta kì í mu omi, gbogbo ẹ̀ ló ń ya wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó o tó sanwó, yí ilé náà ká, kó o wo ìsàlẹ̀ ògiri. Bó o bá rí ìlà erùpẹ̀ pupa tó lọ tààrà yí ilé ká, omi ti dúró níbẹ̀ rí nìyẹn. Bí wọ́n bá fi ọ̀dà tuntun bo ìsàlẹ̀ nìkan, tí òkè ògiri ṣì gbó, fi èékánná họ ọ́ wò. Sì wo gọ́tà iwájú ilé: gọ́tà tí iyanrìn kún dé ẹnu, inú ilé lomi máa gbà.

Bọ̀dá Wáyà: Ìyá ti sọ òótọ́. Tèmi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti iná, torí òun ni oúnjẹ ẹ̀. Òkè máa ń dí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: tí àpáta bá wà láàárín ilé àti òpó wọn, o lè ní igi mẹ́rin lójú títì kó di ọ̀kan nínú yàrá. Mú síìmù méjì dání, kí ilé iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Wọ yàrá gan-an, ti ilẹ̀kùn, ti fèrèsé, kó o dán an wò láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, nígbà tí gbogbo àdúgbò wà lórí fóònù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì aago mẹ́wàá àárọ̀ á tàn ẹ́ jẹ.

Iná: béèrè bóyá Bándì A ni àdúgbò náà, àwọn ló yẹ kó máa rí wákàtí 20 lójúmọ́. Má fẹnu lánlọ́ọ̀dù gbà á, béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta omi tútù níwájú ilé. Mítà ńkọ́? Ra iná ẹgbẹ̀rún kan náírà sí i lójú lánlọ́ọ̀dù kó o tó kówó sílẹ̀. Bí gbèsè bá wà lórí ẹ̀, níbẹ̀ lo ti máa rí i, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó yẹn.

Kọ́lá FUTA: Starlink, ayélujára tó ń ti ojú sánmà wá, ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?

Bọ̀dá Wáyà: Ó ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, ó sì dáa, àmọ́ ojú ọ̀run gbalasa ló fẹ́. Bí àpáta bá dí apá kan ojú ọ̀run, á máa já lemọ́lemọ́. Áàpù wọn máa ń jẹ́ kéèyàn fi kámẹ́rà fóònù wo ojú ọ̀run yí ká. Ṣe ìyẹn kó o tó rà á. Ó tún ń jẹ iná. Bátìrì ínfátà 12V oní 220Ah, tá a bá ń lo ìdajì ẹ̀ kó má bàa tètè kú, tá a yọ èyí tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, ó ku bíi 1,100 wáàtì-wákàtí. Kọ̀ǹpútà wáàtì 60, fáànù 60, ráútà kékeré 15, gílóòbù 10, àpapọ̀ 145: o rí wákàtí méje àti díẹ̀. Gbé Starlink dípò ráútà, á bọ́ sí bíi wákàtí márùn-ún ààbọ̀. Nígbà ọyẹ́, fi omi nu sólà ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, eruku ń jẹ iná.

Mọ̀mí Ìjàpọ̀: Ẹ ti gbàgbé omi! Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Àkúrẹ́. Erùpẹ̀ tó bo àpáta lórí àti ibi tí àpáta ti sán nìkan ló ń gba omi dúró. Ilé méjì lè fara kanra kí bọ̀hóòlù ọ̀kan máa tú yàà, kí tìkejì mú eruku jáde. Nítorí náà, "bọ̀hóòlù wà" ò tíì tó. Wá wo ilé ní oṣù kẹta. Ju fàmífàmí sínú kànga, kó o wo ibi tí okùn ti tutù dé. Bí ò bá ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ, ayálégbé mẹ́rin ò ní rí i pín.

Èrò Èkó: Omi, iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ta ni ọmọ ọdún 25 yìí máa bá ṣeré? Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ìlú ti dákẹ́.

Kọ́lá FUTA: Ẹ lọ sí South Gate, ẹnu géètì FUTA, kẹ́ ẹ tún un sọ, sà. Kìkì ìgbà tí FUTA bá gba ìsinmi ló máa ń dá wáí. Tó bá fẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀gbẹ́ FUTA ni kó gbé. Tó bá fẹ́ sùn, kó lọ àdúgbò Alágbàká tàbí Ìjàpọ̀, àmọ́ owó ilé ibẹ̀ ga.

Mọ̀mí Ìjàpọ̀: Kọ́lá, ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn tẹ́ ẹ ń lù ní South Gate, ṣé ọmọ á lè bá ọ̀gá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ayélujára?

Kọ́lá FUTA: Ẹ jọ̀ọ́, mà. Kó gbé òpópónà kejì tàbí ìkẹta sí géètì. Ibẹ̀ ò pariwo.

Ọmọ Èkìtì Kete: Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò dárúkọ Adó-Èkìtì? Òkè yí Adó ká, Ìkọ̀gọ̀sì olómi gbígbóná ò jìnnà.

Adé Òkè-Orósùn: Àbúrò ń wá òkè, ẹ ń fún un ní omi gbígbóná.

Ọmọ Èkìtì Kete: Ẹ jẹ́ kó fi ọ̀sẹ̀ kan wo Adó kó sọ fún wa.

Tísà Àgbà: Ẹ má jà. Àwọn kan ń ka 660, àwọn kan 667, Adé ń ka 682, kò sí èyí tó máa dín àárẹ̀ kù. Orí òkè yẹn ni ìlú Ìdànrè wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Láti 2007 ló ti wà lára ibi tí Nàìjíríà ní kí àjọ UNESCO yẹ̀ wò fún ohun àjogúnbá àgbáyé.

Túndé, gba yàrá fún oṣù kan ná, má san ti ọdún kan. Gba oṣù kẹta, má gba Disẹ́ḿbà, ìgbà ọdún gbogbo ìlú ló ń dùn. Bó o bá ń lọ Èkó, wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀, má jẹ́ kílẹ̀ ṣú bá ẹ lọ́nà.

Túndé_Kọ̀ǹpútà: Ẹ ṣé gan-an. Oṣù kẹta ni màá wá. Ẹnì kan ní kí n fi owó díẹ̀ ra kòkó pa mọ́ tí mo bá dé. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu?

Akọ̀wé Kòkó: Oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni kòkó pọ̀ jù, oṣù kẹta ò ní kòkó púpọ̀. Tó o bá fẹ́ rà, àpò 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Èyí tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà kí wọ́n tó sá a ni kó o rà. La hóró kan sí méjì: kí inú ẹ̀ ní àwọ̀ búráùn, kó sì ní ìlà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ eérú tó dì gbagidi, wọn ò bò ó. Omi tó kù nínú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò bu nínú àpò.

Ìyá Alápáta: Ẹ sọ tojú títì náà fún un.

Akọ̀wé Kòkó: Bẹ́ẹ̀ ni mà. Kòkó tí wọ́n sá sórí ọ̀dà títì, má rà á rárá. Ó ń gba òórùn ọ̀dà àti èéfín ọkọ̀ sára, àwọn tó ń rà á lókè òkun á sì dá a padà.