Oyún méjì, dókítà kan náà: ẹ wá sọ tiyín

Ìyá Ìbejì, Agége:

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ló ń bú àwọn tó ń lọ bímọ lọ́dọ̀ agbẹ̀bí ìbílẹ̀, wọ́n ní òpè ni wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Nígbà oyún àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ọkọ mi ló ń sanwó ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn aládàáni ni mò ń lọ. Dókítà á béèrè bí mo ṣe sùn, á wọn ìfúnpá mi, á yẹ ìtọ̀ mi wò, á ní kí n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ mi ru díẹ̀, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ló pè mí lórí fóònù.

Kí oyún kejì tó dé, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi. Ó di jẹ́nẹ́rà, ilé ìwòsàn ìjọba. Ìdájí la ti ń lọ gba nọ́ńbà. A ó kọrin, a ó pàtẹ́wọ́, nọ́ọ̀sì á wá sọ ohun tó yẹ ká máa jẹ: ẹyin, ẹja, ẹ̀fọ́, èso. Obìnrin tó jókòó tì mí rẹ́rìn-ín, ó ní, “Àǹtí, ẹyin tí wọ́n ń wí yìí, ṣé wọ́n á fún wa lówó ẹ̀?” Nígbà tó kàn mí, ta ni mo bá lórí àga? Dókítà mi ti oyún àkọ́kọ́! Kò dá mi mọ̀. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó kọ nǹkan sínú káàdì, ó ní kí ẹni tó kàn wọlé. N kò bínú sí i ṣá, èrò tó wà níta lọ́jọ́ náà, bí ọjà ni.

Ti obìnrin tó sọ̀rọ̀ ẹyin yẹn ló dùn mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀ kí n rí i, ibi tó tẹ̀ jin wọnú, kò sì tètè padà sípò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àmì pé ọmọkùnrin ló ń bọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì ní kó lọ yẹ ìtọ̀ wò, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò ti tán, àfi kó lọ sí láàbù òdìkejì títì, kó lọ fowó ara rẹ̀ ṣe é. Ọkọ rẹ̀ ò tíì wá fi páìǹtì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ní kó mú wá sílẹ̀. Awakọ̀ dánfó ni, ọjọ́ tí kò bá jáde, ilé ò jẹun. Wọ́n tún kó ìwé ẹrù ìbímọ lé e lọ́wọ́: Dettol, Jik, òwú, páàdì, ràbà ìtẹ́lẹ̀. Ó ká a, ó tì í bọ etí ìró rẹ̀.

A jọ jáde ni. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń gbẹ̀bí ládùúgbò àwọn lòun ń lọ, pé ìyá yẹn ń gbowó díẹ̀díẹ̀, kì í sì í jágbe mọ́ èèyàn. Ṣé òpè nìyẹn? Obìnrin náà ṣírò owó rẹ̀ ni. Ìyá àgbà ò sì ní ẹ̀rọ ìfúnpá, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ tó wú báyẹn lè jẹ́ àmì ẹ̀jẹ̀ ríru tó lè di gìrì aláboyún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, Àkúrẹ́:

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjọba Oǹdó bẹ̀rẹ̀ Abíyè, ètò ìtọ́jú aláboyún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ́ lọ́dún 2009. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n fún aláboyún ní fóònù, òṣìṣẹ́ ìlera ń gun ọ̀kadà lọ bá wọn nílé. Àwọn tí wọ́n máa ń pè ní aláìgbọ́ràn náà ló ń pè wá lóru! Nígbà tó yá, owó sísan tún wọlé. Ìyàwó olówó oṣù ò mọ̀ ọ́n lára. Ìyàwó àgbẹ̀ ní tiẹ̀, oṣù keje ló tó ń yọjú. Láti 2016 ni WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ní kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ìgbà 8. Ẹni tó dé lóṣù keje ti pàdánù mẹ́ta, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì lè ti dín kù kí a tó rí i.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ̀yin tó rò pé ti òkè òkun lọ́tọ̀, ẹ dákun. Físà mi ti parí nígbà tí mo lóyún. Iye tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń bu fún ẹni tí kò níwèé ìgbélùú, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ni. Lẹ́tà owó yẹn dé, mo sá fún wọn pátápátá. Agbẹ̀bí wọn kan, ọmọ Jàmáíkà, ló wá mi délé, ó ní òfin ò gbà kí wọ́n lé aláboyún padà nítorí pé kò tíì sanwó. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Lórílẹ̀-èdè yìí, ìjábọ̀ MBRRACE, àwọn tó ń ṣèwádìí ikú àwọn ìyá, fi hàn pé ikú oyún ń pa obìnrin dúdú ju ìlọ́po méjì ti obìnrin funfun lọ. Mo ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wà nírú ipò yìí, kó wá Maternity Action kàn, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ran aláboyún lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn wọn.