Orin Japáànù tí ẹ̀rọ ń kọ: èwo ni kí n kọ́kọ́ gbọ́?

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ń wá orin Japáànù tí ohùn inú kọ̀ǹpútà ń kọ, irú ti Hatsune Miku yẹn. Àwọn tí mo ti gbọ́ ń sáré jù, ohùn náà tín-ín-rín, ó sì ń gún mi létí. Síbẹ̀, orin náà ń wù mí. Èwo ni kí ẹni tí kò mọ nǹkan kan níbẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀? Ṣé Miku nìkan ló wà ni? Fóònù ni mo fi ń gbọ́ ọ, mégà mi kò sì pọ̀.

Agbóhùn_Kétu

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má fi ohùn wá orin, orúkọ ẹni tó ṣe é ni kí ẹ máa tọ̀ lẹ́yìn. Miku kì í ṣe olórin. Ohùn tí ilé-iṣẹ́ Crypton ní Sapporo gbé jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 2007 ni, lórí Vocaloid, ètò kọ̀ǹpútà Yamaha tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sí i di orin, Fujita Saki tó jẹ́ òṣèré ló sì yá wọn ní ohùn náà. Ẹnikẹ́ni tó bá rà á lè fi orin tirẹ̀ sí i lẹ́nu. Bí ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣe rí lọ́dọ̀ wa ní Kétu náà ni: igi tí wọ́n gbẹ́ ni gbogbo ojú ń wò, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tó gbé e rù là ń torí rẹ̀ jókòó títí ilẹ̀ fi ń mọ́.

"Melt" ti ryo ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, oṣù Kejìlá 2007 ló jáde. Orin ọmọbìnrin kan tí ìfẹ́ gbé lọ́kàn ni. Ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ orin Miku ló ń sọ̀rọ̀ nípa Miku fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn èèyàn túbọ̀ ń béèrè pé ta ló kọ ọ́. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú "Tell Your World" ti livetune, tí Google fi polówó Chrome ní Japáànù ní 2011. Lẹ́yìn náà, "Senbonzakura" ti Kurousa-P, 2011: ó yára díẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn orin ìbílẹ̀ wọn wà nínú rẹ̀, èyí ló jẹ́ kí àgbà olórin bíi Kobayashi Sachiko kọ ọ́ níbi ètò orin Kōhaku ti iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NHK ní òpin ọdún 2015.

Nígbà tí etí bá ti mọ́, ẹ wọ inú "Rolling Girl" ti wowaka, 2010. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn tó bá fẹ́ kọ ọ́ kì í rí ibi tó máa mí. Ẹ̀rọ kì í mí, wowaka mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi ṣe ẹwà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi "Hatsune Miku no Shōshitsu" ti cosMo bẹ̀rẹ̀. Ìlù 240 ló ń dún níbẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ 70 sí 150 ni Crypton fúnra wọn dámọ̀ràn fún ohùn Miku. Ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ ni ẹ gbọ́ tí ẹ fi ní ó ń sáré jù.

Dùùrù_Ṣábẹ̀ẹ́

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ ẹni tí ohùn Miku ń gún létí, èmi ò ní fún un ní "Melt" lákọ̀ọ́kọ́. "Just Be Friends" ti Dixie Flatline ni, 2009. Megurine Luka, ohùn kọ̀ǹpútà mìíràn, ló kọ ọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ ju ti Miku lọ, orin ìpínyà sì ni.

Ohun tó ń gún etí yẹn, nǹkan méjì ni. Ẹnu fóònù kéré, kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, gbogbo ohùn òkè ló wá ṣẹ́ kù. Ẹ fi ekutẹ́ẹ̀ sétí, ẹ ó rí i pé orin náà á nípọn. Èkejì, àwọn ohùn àtijọ́ yẹn, ègé ohùn kéékèèké ni wọ́n gbà sílẹ̀ tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, kọ́ńsónáǹtì sí fáwẹ̀lì, fáwẹ̀lì sí fáwẹ̀lì, etí sì máa ń gbọ́ oríkèé rẹ̀. Àwọn tuntun bíi Synthesizer V AI àti CeVIO AI ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọrin, oríkèé náà kò hàn mọ́. Ẹ gbọ́ KAFU, ọ̀kan nínú ohùn CeVIO AI, nínú "Phony" ti Tsumiki, 2021, kí ẹ fi wé "Melt".

Miku nìkan kọ́ o. Kagamine Rin wà nínú "Roshin Yūkai", flower wà nínú "Charles" ti balloon, 2016. Kasane Teto tó gbòde báyìí, àwàdà ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2008 ló bí i. "Hito Mania" ti Haraguchi Sasuke ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó lọ sí "Mesmerizer", 2024, tí òun àti Miku jọ kọ.

Ọmọ_Àjàṣẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì. Mo kọ "Melt" sí YouTube, orin òyìnbó ló ń jáde.

Agbóhùn_Kétu

Lẹ́tà tiwọn ni kí ẹ fi wá a. Ẹ da メルト àti 初音ミク kọ síbẹ̀ pọ̀. Senbonzakura ni 千本桜, Rolling Girl ni ローリンガール, Charles ni シャルル. Bí ẹ bá rí 歌ってみた lára àkọlé, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló kọ ọ́, kì í ṣe ẹ̀rọ. 踊ってみた, ijó ni. "Off vocal", kò sí ohùn nínú rẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n bá kọ "nightcore" tàbí "sped up" sí, ẹ sá fún un, wọ́n ti fi kún eré rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ẹni tó gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú: Niconico, ìkànnì fídíò àwọn ará Japáànù, ni ọ̀pọ̀ orin àtijọ́ ti kọ́kọ́ jáde, àwọn ẹlòmíràn ló kó wọn wá sí YouTube.

Ní ti mégà, ẹ fi fídíò sílẹ̀. Orin ìṣẹ́jú 4 ní 128 kbps kò tó mégà 4, gbogbo èyí tí a kà sílẹ̀ yìí kò sì ní ju 50 lọ. KARENT, iléeṣẹ́ orin tí í ṣe ti Crypton, máa ń gbé orin sórí Spotify.

Dùùrù_Ṣábẹ̀ẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ bá wọn kọ ọ́, ẹ fi "romaji" kún orúkọ orin náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á jáde ní lẹ́tà a b d. Ẹ kà á bí ẹ ṣe ń ka Yorùbá: a, i, e, o kò yàtọ̀ púpọ̀, sh ni ṣ wa, r wọn sì fẹ́ẹ́ dà bí l.