Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó fi ọkọ̀ mi fa kárávàn lọ sí Wales?

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds
Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo kí yín. Èmi àti ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kárávàn àlòkù kan (ilé onítáyà tí ọkọ̀ ń fà), èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù kò gbọdọ̀ ju 1,300 kílò lọ, a sì fẹ́ fà á lọ sí etí òkun Wales nígbà ìsinmi àwọn ọmọ. Ọdún 2009 ni mo gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ níbí, ọkọ̀ mi sì wọn 1,500 kílò. N kò fa ohunkóhun rí. Ṣé òfin gbà mí láàyè, kí sì ni kí n ṣọ́ra fún jù lọ?

Awakọ̀ Àgbà
Ẹ kú oríire. Láti ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n ti mú ìdánwò àkànṣe fún fífa kárávàn kúrò, nítorí náà òfin kò dí yín lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí ẹ dárúkọ ni ó ń kọ mí lóminú. Ìmọ̀ràn tí a máa ń fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fà ni pé kí kárávàn àti ẹrù inú rẹ̀ má ju ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ọkọ̀ lọ, èyí tí ó jẹ́ 1,275 kílò fún yín. Ẹ fi ẹrù díẹ̀ sílẹ̀ nílé. Ẹ má kọjá máìlì 60 ní wákàtí kan lórí márosẹ̀, ẹ má sì wọ ìlà apá ọ̀tún pátápátá níbi tí ìlà bá ti pé mẹ́ta. Bí kárávàn bá fẹ̀ ju ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, ẹ gbọ́dọ̀ so díńgí àfikún.

Ìyá Ìbejì
Òótọ́ ni Bàbá sọ, ṣùgbọ́n ní tèmi, ibi tí ẹrù wà le ju iye rẹ̀ lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ wa, mo kó àpò ìrẹsì, iṣu mẹ́fà àti kúlà ẹran sí ìdí kárávàn, nítorí pé ibẹ̀ ni àyè wà. Bí ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan ṣe ń kọjá lára wa lórí márosẹ̀ M6, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ti kárávàn, ó tún fà á, ni ìdí rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù aláǹgbá. Ọlọ́run ló yọ wá pé ọkọ mi kò já bíréèkì mọ́lẹ̀. Kò tẹná mọ́, ó di sítíárìn mú láìbá a jà, títí eré fi rọlẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ sì tò. Láti ìgbà náà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀, lókè táyà gan-an, ni ẹrù wíwúwo ń wà. Orí kárávàn, níbi tí ó ti so mọ́ ọkọ̀, yẹ kí ó gbé ìdá 5 sí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá wọn 1,200 kílò, 60 sí 84 kílò nìyẹn, bí ìwé ọkọ̀ yín bá gbà á.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds
Ẹ ṣeun púpọ̀, Mà. Bàbá, báwo ni a ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn?

Awakọ̀ Àgbà
Ẹ di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú: apá ibi tí ọwọ́ yín bá lọ ni ìdí kárávàn yóò lọ. Ibi tí kò sí ènìyàn ni kí ẹ ti kọ́ ọ. Ẹ rí i pé okùn irin tí yóò fa bíréèkì kárávàn bí kárávàn bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ so mọ́ ọkọ̀ dáadáa, kí ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún tí wọ́n ṣe é. Táyà kárávàn máa ń gbó lórí ìdúró, kí ojú rẹ̀ tó jẹ rárá.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán: 1114 ni ó wà lára méjèèjì. Mo ti pe ẹni tí ń ta táyà, ọjọ́ Sátidé ni yóò wá pààrọ̀ wọn.