Ìwọ́de ń bọ̀, àwa náà ń bọ̀ nílé: ibo la lè gbà dé Ìsánlú?

Ọmọ Ìsánlú (Leeds), 28 July 2024

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́wọ́ mi tí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Ìsìnkú bàbá ìyàwó mi ń bọ̀ lọ́jọ́ 9 August ní Ìsánlú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ó ti pẹ́ tá a ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi, ìyàwó mi àtàwọn ọmọ, Abuja la máa balẹ̀ sí lọ́sàn-án Friday 2 August. Àfi bí wọ́n ṣe wá ní ìwọ́de #EndBadGovernance, tí wọ́n fẹ́ fi tako ebi àti ìṣèjọba burúkú, máa bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kẹwàá August, a jẹ́ pé àárín ẹ̀ gan-an la máa já sí. Àwọn àna mi ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́. Ẹnì kan ní kí n yí tíkẹ́ẹ̀tì sí Lagos, ẹlòmíì ní kí n fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ kí n dá lọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn jáde lẹ́nu nígbà tó jẹ́ pé bàbá ẹ̀ ló kú, kì í ṣe bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin irú ìrìn báyìí rí, kí lẹ rí sí i?

Ẹ̀gbọ́n Ówé (Houston)

Ẹ kú ìnáwó o àbúrò, ẹ̀yìn bàbá á dáa. Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, má fọwọ́ kàn án. Ta ló ní Lagos? Láti Ikeja dé ilé wa, Ìbàdàn ń bẹ lọ́nà, Ogbómọ̀ṣọ́ ń bẹ lọ́nà, Ìlọrin ń bẹ lọ́nà, gbogbo ìlú ńlá táwọn ọ̀dọ́ ti lè dí títì lo máa là kọjá kó o tó rí Òmù-Àrán. Mo wà ní Lagos lásìkò EndSARS lọ́dún 2020. Ọjọ́ 20 October yẹn, ọ̀sán ni ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó wà ní Ajah tílé ẹ̀ wà ní Ìkòròdú, kí ló fẹ́ ṣe? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sún un síwájú díẹ̀ nígbà tí wọ́n rí i pé gbogbo èèyàn ṣì wà lójú títì.

Abuja dáa torí pé ẹ ò tiẹ̀ ní wọ ìgboro. Tẹ́ ẹ bá jáde ní ẹ́pọ́ọ̀tù, ọ̀nà kan wà tó já sí Giri, ẹ bọ́ sí Gwagwalada, Abaji, Koton-Karfe, ẹ gun afárá Jamata, ẹ ti wà ní Lọ́kọ́jà nìyẹn. Eagle Square àti stadium làwọn tó fẹ́ wọ́de ń pariwo ẹ̀, ọ̀tọ̀ nibẹ̀ yẹn, ọ̀tọ̀ nibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Ibi tó lè há yín ni Gwagwalada torí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ níbẹ̀, àti Felele tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ Lọ́kọ́jà.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Ẹ̀gbọ́n ti sọ̀rọ̀ àmọ́ ọ̀sán tẹ́ ẹ máa balẹ̀ yẹn ló ń kó mi lọ́kàn sókè. Kẹ́ ẹ tó gba báàgì, kẹ́ ẹ tó ra síìmù, kí ọmọ kan má ti fẹ́ tọ̀, aago mẹ́ta ti lù. Tí ọ̀nà bá wá dí níbì kan, ilẹ̀ á ṣú mọ́ yín láàárín Abaji sí Koton-Karfe. Rárá o. Èmi ò bẹ̀rù àwọn tó ń gbé páálí kiri, àwọn ajínigbé inú igbó ni mò ń bẹ̀rù, àwọn yẹn kì í kéde ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jáde. Ẹ wá òtẹ́ẹ̀lì sí Lugbe tó wà lọ́nà ẹ́pọ́ọ̀tù, ẹ sùn, kẹ́ ẹ gbéra láàárọ̀ Sátidé bí ojú bá ṣe ń mọ́. Ẹni tó fẹ́ dí ọ̀nà náà máa ń sùn, kì í jáde tó aago mẹ́sàn-án mẹ́wàá.

Ẹ sì yọ àwọn ìwé tí wọ́n máa ń so mọ́ báàgì ní ẹ́pọ́ọ̀tù kúrò kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò. Kò sí ìdí tí gbogbo chẹ́kípọ́ìntì fi gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìlú òyìnbó lẹ ti dé.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Birmingham)

Ẹ jẹ́ n fi nǹkan kan kún un táwọn èèyàn kì í rò. Ìnṣọ́ránsì ìrìnàjò. Ìjọba UK níbí kọ Kogi sára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ní kéèyàn má lọ àfi tó bá pọn dandan, ọ̀pọ̀ ìnṣọ́ránsì ni kò ní san kọ́bọ̀ tó o bá lọ síbẹ̀, wàhálà yòówù kó ṣẹlẹ̀. Tó o bá tún wá ra ti ẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kéde ìwọ́de tán, wọ́n á ní o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ka ìwé ẹ̀ dáadáa, kó o pè wọ́n kó o bi wọ́n léèrè kó o tó gbéra, kó o má lọ fi ọkàn sí owó tí kò sí.

Ọ̀nà kejì tún wà o. Kẹ́ ẹ wọ bàálù láti Abuja sí Ìlọrin, kẹ́ ẹ gba Òmù-Àrán, Èrúkù, Ẹ̀gbẹ̀ bọ́ sí Ìsánlú. Lọ́kọ́jà ò ní kàn yín rárá.

Ẹ̀gbọ́n Ówé (Houston)

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀, ìlú ẹ lo fẹ́ kí wọ́n gbà kọjá, mo mọ̀ 😂. Ṣó o ti gbàgbé 3 June tó kọjá yìí, tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC yanṣẹ́ lódì tí ẹ́pọ́ọ̀tù kú fin? Tí wọ́n bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò á wà ní Abuja tòun ti tíkẹ́ẹ̀tì Ìlọrin lọ́wọ́. Igbó tó wà láàárín Èrúkù sí Ẹ̀gbẹ̀ náà ò sì ṣe é fọwọ́ sọ̀yà sí. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ de ìgbà tí Jamata bá dí.

Bàbá Ilé (Kàbà)

Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń kọ láti àárọ̀. Èmi ò sí lókè òkun, ọmọ mi ló fi mí síbí, ẹ forí jì mí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé dídí ọ̀nà ò rí bákan náà. Kẹ́ ẹ tó ní ẹ fẹ́ yà tàbí ẹ fẹ́ dúró, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló dí i. Tó bá jẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni, wọ́n á lọ sílé tó bá dalẹ́, ẹ lè dúró dè wọ́n. Tó bá jẹ́ táńkà ló ṣubú, ó lè di ọjọ́ kejì, ẹ wá ibi sùn. Tó bá jẹ́ omi, ẹ padà. October 2022 tí odò kún bo títì ní Koton-Karfe, àwọn tó ní àwọn fẹ́ dúró kó fà, ojú títì ni wọ́n ti sùn tí wọ́n ti jí, oúnjẹ tán, omi tútù di góòlù. Oṣù yẹn kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ lọ ti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Obajana pa, ẹ ronú iye tirélà tó wà lọ́nà yẹn, kò sẹ́ni tó ń wọ́de àmọ́ ẹ̀rù ń ba dírẹ́bà láti kọjá. Tó bá wá jẹ́ sójà ló ní kẹ́ ẹ padà, ẹ má bá a jiyàn, kò sóhun tẹ́ ẹ lè sọ.

Tẹ́ ẹ bá ko àwọn ọ̀dọ́, kí dírẹ́bà rọra máa bọ̀, ẹ yí gíláàsì sísàlẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ já ewé tútù kẹ́ ẹ fi há iwájú mọ́tò. Ewé yẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ ò lòdì sí wọn, wọ́n sábà máa ń ṣí ọ̀nà fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé òkú lẹ fẹ́ lọ sin, òótọ́ sì ni, ẹ fi ìwé ìpè ìsìnkú hàn wọ́n. Ẹ má gbé fóònù sókè láti yà wọ́n o, nǹkan tó ń dá ìjà sílẹ̀ nìyẹn.

Owó, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ sí wẹ́wẹ́ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Abuja. Tí ìlú bá ti gbóná báyìí, báńkì á ti, àwọn oní-POS á máa gba owó tó bá wù wọ́n. Epo náà ti ń wọ́n, mo gbọ́ pé ìlà ti gùn lọ́hùn-ún, kí dírẹ́bà kún táǹkì lálẹ́ Friday, kó má ní àwọn á rà á ní Abaji. Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo wa sínú ìwé torí tí fóònù bá kú, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà sórí mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Láti Lọ́kọ́jà sọ́dọ̀ wa ẹ má mikàn. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà Obajana sí Kàbà, kìlómítà 43, ó dáa. Ẹ pè mí ní Obajana, mo máa sọ bí iwájú ṣe rí. Láti Kàbà, Ìyàrà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà, ilé yín ló kàn.

Ọmọ Ìjùmú (Windsor, Canada)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, ibí náà ni mo ti rí i. February 2022 táwọn onítirélà dí Ambassador Bridge tó lọ sí Detroit, tó sì jẹ́ Detroit ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn kan níbi iṣẹ́ wa jókòó sílé wọ́n ń sunkún pé ọ̀nà ti dí. Ihò tó gba abẹ́ odò ṣì ṣí, afárá tó wà ní Sarnia náà ṣì ṣí, ó kàn jìn ni. Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá ń gbé, mo máa ń rin ọ̀nà kejì lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò sí wàhálà, kí n mọ ibi tí wọ́n ti ń yà. Google máa ń sọ ọ̀nà fún èèyàn ṣùgbọ́n kì í sọ irú àdúgbò tó fẹ́ mú ẹ gbà.

Ọmọ Ìsánlú (Leeds), 31 July

Ẹ ṣé ẹ ṣé, Ọlọ́run á ṣe ti gbogbo wa. Abuja náà la máa lọ, mo ti gba yàrá ní Lugbe. Dírẹ́bà, ọmọ Mọ̀pà ni, bàbá ló bá mi wá a. Ìnṣọ́ránsì, mo pè wọ́n, bí Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí.

Àǹtí Mọ̀pà (Hull), 3 August, alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní England, ẹ gbàgbé Nàìjíríà ná. Hull gbóná lónìí, àwọn tó kórìíra àjèjì ló ń da ìlú rú. Òtẹ́ẹ̀lì táwọn tó ń wá ibi ìsádi wà ni wọ́n kọ́kọ́ lọ dojú kọ, wọ́n wá kó wọ inú ìgboro, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù ní Jameson Street, wọ́n fa àwọn ọkùnrin kan jáde nínú mọ́tò wọn lójú títì nítorí pé wọn ò jọ ará ibí. Èyí kì í ṣe ìwọ́de tí ewé lè gbani sílẹ̀, bàbá, torí ojú wa ni wọ́n ń wò.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú arúgbó. Mo pe mánéjà mi ní aago mẹ́ta, mo ní mi ò lè gba ìgboro kọjá, ó ní kí n má bínú, ó rán ẹni tó ní mọ́tò wá gbé mi, a gba ẹ̀yìn ìlú. Ẹ pè wọ́n! Ọ̀pọ̀ wa ló ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba físà lọ́wọ́ wa tá a bá ní a ò lè wá, à ń dákẹ́, à ń lọ dúró síbi bọ́ọ̀sì táwọn bọ́ọ̀sì ti yà kúrò ńbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú tẹ́ẹ̀sì, kó wà nílẹ̀ pé ẹ sọ ọ́. Ẹ bọ yúnífọ́ọ̀mù sínú báàgì. Ẹ má dá rìn. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ ariwo níwájú, ẹ yà, ẹ má lọ wò ó.

Ìyá Ìbejì (Toronto)

Yéè! Àǹtí, ṣé ẹ ti délé báyìí?

Àǹtí Mọ̀pà (Hull)

Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò ní kúrò níbí títí ilẹ̀ á fi mọ́, mo ti rí kúṣọ́ọ̀nù kan.

Ọmọ Ìsánlú (Ìsánlú ni mo wà báyìí o)

A délé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́. Gwagwalada dákẹ́ rọ́rọ́ nígbà tá a kọjá, chẹ́kípọ́ìntì pọ̀ bí ewé, Felele náà ò sí nǹkan kan, sójà kàn tan iná sójú wa ni. Ẹ mọ ibi tá a ti há? Kí a tó dé Obajana, tirélà ló dá bùú títì, wákàtí méjì àtààbọ̀. Kò sí olùwọ́de kankan níbẹ̀ àfi àwọn tó ń ta gúgúrú. Bàbá, ẹ kú ìpè, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ pè, ìyàwó mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín.

Wọ́n ní Ààrẹ fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ ní aago méje àárọ̀ ọ̀la, gbogbo ilé ti ní àwọn á jí gbọ́ ọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni Leeds. Ọjọ́ kejìdínlógún July tí wọ́n sun bọ́ọ̀sì ní Harehills, àdúgbò kan ní Leeds, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, mo wà ńbẹ̀, kò tó ohun tí Àǹtí ń sọ yìí. Alẹ́ la máa balẹ̀ sí Manchester tá a bá ń padà bọ̀. Ṣé kí n gba táksí?

Àǹtí Mọ̀pà (Hull)

Tréènì wà tó ń ti inú ẹ́pọ́ọ̀tù Manchester lọ tààrà sí Leeds, ẹ wọ ìyẹn. Ó máa dúró ní Piccadilly àmọ́ ẹ̀yin ẹ má sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ní ẹ fẹ́ lọ ra oúnjẹ fọ́mọ. Kẹ́ ẹ rí i pé ẹnì kan tẹ́ ẹ mọ̀ wá fi mọ́tò pàdé yín ní stéṣọ̀n Leeds. Kẹ́ ẹ wo ojú ìwé àwọn onítréènì lọ́jọ́ náà kẹ́ ẹ tó gbéra torí wọ́n lè yí i.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Birmingham)

Ẹ̀gbọ́n, dírẹ́bà ọmọ Mọ̀pà yẹn, ọjọ́ 14 lèmi ń balẹ̀ sí Abuja. Ṣé ó ṣì ní àyè?

Bàbá Ilé (Kàbà)

Mo ti bi í. Ó ní òun wà. Ìwọ náà wá ibi sùn sí Lugbe, kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ lálẹ́, mo ti sọ fún un pé mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó gbé èrò kankan lójú ọ̀nà.