Fáànù inú ilé kò yí mọ́ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ bọ́ọ̀dù AC

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa AC. Òkè-Fìà l'Óṣogbo ni mò ń gbé, ooru sì ń bá wa fà á.

Iná dé tagbára-tagbára lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀dù tó ń darí AC ara ògiri wa jó. Ẹni tó tún un ṣe fi èyí tí wọ́n ń pè ní universal (tí wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi AC) sí i, tòun ti rímóòtù tuntun. Látìgbà náà, ẹ̀rọ tó wà níta ń ṣiṣẹ́, rímóòtù ń dún "píì", àmọ́ fáànù inú ilé kò yí. Bí mo bá fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tì í, á yí lọ, ṣùgbọ́n kò lágbára. Nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bo páìpù, mo yára pa á.

Mo yọ ọ́ kúrò lára iná, mo ṣí i wò (ọkọ mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́). Wáyà mẹ́fà ló ti ara mọ́tò wá: mẹ́ta nípọn, mẹ́ta tín-ín-rín. Àwọn tín-ín-rín yẹn, téèpù dúdú ni oníṣẹ́ náà fi dì wọ́n lásán! Kapasítọ̀ 1.5 µF (ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti yí) tó wà lára bọ́ọ̀dù àtijọ́, n kò rí irú rẹ̀ lára tuntun. Oníṣẹ́ náà ní mọ́tò ló bàjẹ́, kí n lọ ra òmíràn. Mọ́tò tó ń yí wìn-ìn kí wọ́n tó pààrọ̀ bọ́ọ̀dù?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kapasítọ̀ nìkan ni kí n rà, àbí bọ́ọ̀dù yìí ò bá irú mọ́tò yẹn mu rárá?